Àrokò Tí Ọdẹ́níran Gbé Kọ́ Sára Ògiri Ìkúukùu

Ilé ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran.

Òrùlé ni ó kọ́kọ́ lọ. Ògiri tẹ̀lé e. Ọdẹ àgbà náà fò sẹ́yìn bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ paramọ́lẹ̀, ó sì já sí ìta. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, àpò ọdẹ rẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́, ìkọ́ sì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ó ti ń rí igi tó wà lódìkejì láti inú ògiri náà. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gba inú àpò kọjá bí ìgbà tí a na ọwọ́ sínú èéfín. Ìkọ́ lọ. Àpò lọ. Ilẹ̀ àti ìrì ni ó kù.

Àrokò wà nínú àpò yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbé ọdẹ dé inú ìkúukùu. Ọmọ kan ṣoṣo ni ikú fi sílẹ̀ fún Ọdẹ́níran, obìnrin, Àmọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń dáko ní òdìkejì Odò Alágbára, lórí òkìtì kan tí omi yí ká. Afárá kan ṣoṣo ló so òkìtì náà mọ́ ìlú. Ní ọdún tí à ń wí yìí, àgbàrá gbé afárá lọ, ó sì fọ́ ọkọ̀ ojú omi gbogbo mọ́ àpáta. Àmọ̀kẹ́ wà lórí òkìtì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ. Omi ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àgbà ìlú wa, Òkè-Ìgbín, ló mọ̀ pé bí oṣù tuntun bá ti lé nínú ọdún omi, odò náà á bo òkìtì yẹn.

Odò ti fẹ̀ débi pé kò sí ẹni tó lè kọ́ afárá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú. Àwọn ará Ìlú Ìkúukùu nìkan ló lè kọ́ ọ, àwọn sì ń gbé lókè, níbi tí òkè parí sí.

Ọdẹ́níran kò sunkún. Ó mú ìbọn ṣakabùlà rẹ̀, ó gun òkè.

Igbó tó là kọjá kò ṣe é fẹnu sọ tán, òun náà kì í sì í fẹnu sọ ọ́ tán. Bí ó bá ń sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi odán, ibí ni ó máa ń dúró fín áṣáà. Á ní, "Bí ẹ̀yin bá rí iwin tó ń fi ẹnu jẹun, tó ń fi ìdodo sọ̀rọ̀, ẹ ó sá. Èmi kí i ni. Ó dá mi lóhùn. Mo kọjá." Á tún fín in. Ìyẹn ni pé igbó tán.

Ìlú Ìkúukùu kò rí bí ìlú tiwa. Ní àárọ̀, òṣìṣẹ́ á fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ á sì dìde fún un, pẹ̀lú tábìlì, ayùn àti òòlù, gbogbo rẹ̀ ìkúukùu. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí òṣìṣẹ́ sọ iṣẹ́ kalẹ̀, ilé náà á yọ́, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ á bá a lọ. Ohun tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ sáyé kí ilẹ̀ tó ṣú nìkan ló ń dúró. Wọn kì í sọ èyí fún àlejò. A kì í sọ fún àlejò pé omi tutù.

Kọ́lédalẹ́ ni olórí àwọn kọ́lékọ́lé ibẹ̀. Obìnrin ni. Apá ọ̀tún rẹ̀ gùn tó ọ̀pá tí a fi ń ká ọsàn, tòsì mọ níwọ̀n. Ó gbọ́ ẹjọ́ Ọdẹ́níran tán, ó ní aboyún kì í dúró de àríyànjiyàn, òun á ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn kì í kó ohun èlò sí ìlú. Inú Àká Ìpamọ́ ni okùn, pákó àti ìṣó tó yẹ fún afárá wà, nínú Igbó Ìdákẹ́. Àwọn baba ńlá àwọn ló ṣe ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fi ẹrù wúwo dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Àwọn ìránṣẹ́ mẹ́ta ló máa ń lọ kó o wá.

Sárébọ̀ ni èkíní, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Farabalẹ̀ ni èkejì, tó máa ń ka nǹkan kí ó tó gbé e, á tún kà á lẹ́yìn tó bá gbé e. Ẹ̀kẹta ni Rùgbogbo. Bí o bá rán Rùgbogbo ní ìṣó kan, á ru ìṣó náà dé, pẹ̀lú òòlù tó ń kàn án, àti igi tí wọ́n ti gbẹ́ ọwọ́ òòlù, àti ìtẹ́ ẹyẹ tó wà lórí igi náà.

Àká kì í ṣí fún ẹni tí kò ní àrokò. Kọ́lédalẹ́ mú tirẹ̀ jáde: owó ẹyọ méjì tó dojú kọra, òwú pupa tó so wọ́n pọ̀, ìyẹ́ àlùkò kan láàárín. Ó fi lé Ọdẹ́níran lọ́wọ́, ó ní ẹni tó ni iṣẹ́ ni kí ó mú àmì iṣẹ́, ní òwúrọ̀ kí àwọn ìránṣẹ́ gbéra.

Ọdẹ́níran fi àrokò sínú àpò ọdẹ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó, ó ṣe ohun tí gbogbo ọdẹ ń ṣe nínú àgọ́. Ó gbé àpò kọ́ sórí ìkọ́. Àpò ọdẹ kì í sùn nílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí yọ́.

Kọ́lédalẹ́ dé bá a níbi tó dúró sí.

"Bàbá Ọdẹ, àrokò dà?"

"Mo gbé e kọ́ ara ògiri."

"Ògiri wo?"

Ọdẹ́níran fi ọwọ́ hàn án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Sárébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, Rùgbogbo bá a rín in, ó sì rín tirẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ó ti máa ń ṣe ohun gbogbo. Kọ́lédalẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ni òun kò sọ fún àlejò pé ilé àwọn kì í di ọjọ́ kejì.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ilé tuntun dìde, ó mọ́ fòòfòò, bí ẹni pé ènìyàn kò wọ ibẹ̀ rí. Ìkọ́ tuntun wà lára ògiri. Kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀.

Kọ́lédalẹ́ ní kí àwọn ìránṣẹ́ ṣáà lọ bẹ aṣọ́bodè Àká wò. Wọ́n lọ. Farabalẹ̀ àti Rùgbogbo padà lọ́wọ́ òfo. Sárébọ̀ kò padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n lé e ní bodè, ó sáré gba Ọjà Gbangba lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè pàtẹ, tí ẹnikẹ́ni sì lè gbé, tí wọn kì í bi ènìyàn ní ohunkóhun. Nǹkan gidi pọ̀ ní ọjà náà. Àwọn ará Ìkúukùu pàápàá ń ná an. Ṣùgbọ́n okùn afárá tí wọ́n ń pè ní Má-já, inú Àká Ìpamọ́ nìkan ló wà. Sárébọ̀ rí okùn kan lórí àtẹ, ó bèèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ní Má-já ni. Ó gbé e. Kò bèèrè ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Okùn náà dára lójú. Kọ́lédalẹ́ fi apá gígùn rẹ̀ nà án, Farabalẹ̀ di etí rẹ̀ kejì mú. Ó ń fà á kí ó lè mọ bó ṣe le tó ni okùn mí.

Ó tún mí. Ó yí apá Kọ́lédalẹ́ po, ó yí ọrùn Farabalẹ̀ po, ó bẹ̀rẹ̀ sí fún wọn. Ojú Farabalẹ̀ ràn. Erè ni. Ọdẹ́níran kò yin ìbọn, nítorí ọrùn ènìyàn wà níbẹ̀. Ó fa àdá yọ, ó wá orí ẹran náà láàárín ibi tó lọ́ pọ̀, ó gé e lẹ́ẹ̀kan.

Bí ó bá dé ibí yìí, á wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo ti pa erè tó gbé àgbọ̀nrín mì. Mo ti pa èyí tó gbé ẹni tó ń dẹ àgbọ̀nrín mì. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ okùn, òun ni mo pa tí n kò lè fọ́nnu rẹ̀."

Ohun tó rò ló fà á. Ó rò ó pé bí erè náà bá ti ní sùúrù ńkọ́, tí ó dúró títí Àmọ̀kẹ́ fi gun orí rẹ̀.

Ó lọ sí etí ìkúukùu, ó wo ìsàlẹ̀. Odò ti gbòòrò. Òkìtì náà kò ju àgbàlá kékeré lọ mọ́. Ó rí ìró aláwọ̀ pupa ọmọ rẹ̀ láàárín rẹ̀, ó kéré bí èso iṣin.

Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó ní òun fúnra òun ń lọ sí Àká. Àwọn ìránṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé e lẹ́yìn.

Igbó Ìdákẹ́ kò ní ẹyẹ, kò ní kòkòrò. Ìró ẹsẹ̀ ènìyàn pàápàá kì í dé etí ẹni tó ń rìn. Ní àárín igbó náà, ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ tóbi bí odó jókòó sórí àpótí lójú ọ̀nà. Kò sí odi, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ọgbà lẹ́yìn rẹ̀. Talóránọ ni orúkọ aṣọ́bodè náà. Ọdẹ́níran wo ibi tí ó jókòó sí, ó wo àyè tó fẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì ronú bí ọdẹ. Ó gba ọ̀tún yọ́ lọ. Ó rìn títí, ó sì bá ara rẹ̀ níwájú Talóránọ.

"Ẹ kú ìrìn," ni Talóránọ wí.

Ó gba òsì. Ó tún bá ara rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ tún kú ìrìn. Ta ló rán ọ?"

Ọdẹ́níran na àyà. "Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ajíṣọdẹ, a-pẹfọ̀n-má-pe-ẹnìkejì, èmi tí ẹkùn rí tó fi ọ̀nà sílẹ̀."

"Mo gbọ́. Orúkọ rẹ dùn. Ta ló rán ọ?"

"Ọmọ mi wà nínú omi."

"Mo bá ọ kẹ́dùn. Ta ló rán ọ?"

"Kọ́lédalẹ́."

"Àmì rẹ̀ dà?"

Ọdẹ́níran ti pa ẹran tó lè pa á, kò sì tíì rí ìbéèrè tó wúwo tó èyí. Ó sọ òtítọ́. Ó ní òun gbé e kọ́ sára ògiri, ògiri sì lọ.

Talóránọ gbé orí ńlá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun pa àlọ́ kan fún un. "Ohun kan wà. Bí o bá fi fún mi, ó di tèmi, ó sì tún jẹ́ tìrẹ. Bí o bá gbé e kọ́ ìta, ó di ti gbogbo ayé, kò sì jẹ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Kí ni?"

Ọdẹ́níran kò yára. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, èyí tó gba inú àpò kọjá.

"Àṣírí," ni ó wí.

"Ògiri ti kọ́ ọ."

Talóránọ mú fèrè kékeré kan, ó fun ún. Láti òkè réré, fèrè Kọ́lédalẹ́ dáhùn. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé obìnrin náà mọ ọkùnrin yìí. Aṣọ́bodè na ọwọ́ sábẹ́ àpótí, ó mú owó ẹyọ méjì jáde, ó fọ́ wọn mọ́ òkúta. Ó ní ìkejì àrokò tó sọnù nìyẹn, àti pé ẹni tó bá he ti inú ìkúukùu lónìí, owó ẹyọ lásán ló he. Lẹ́yìn náà ni ó so àrokò tuntun, ó nà án sí ọdẹ.

Ọdẹ́níran di í mú ṣinṣin. Ó sọ fún àwọn ìránṣẹ́ mẹ́ta pé kí wọ́n tẹ̀lé òun. Ó kọjá lára àpótí, ilẹ̀kùn ńlá kan sì ṣí níbi tí kò ti sí ilẹ̀kùn. Ó wọlé. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níta, Sárébọ̀ ń sáré yíká, ó ń bọ̀ síbi tó ti gbéra.

Ó ní kò burú, òun nìkan tó. Ẹ gbà mí gbọ́, inú Àká náà ga ju igi àràbà lọ, pẹpẹ lórí pẹpẹ, okùn, pákó, àti ohun tí kò lórúkọ lẹ́nu ọdẹ. Ó yan èyí tó wúwo jù, ó ru ú jáde, òógùn bò ó.

Farabalẹ̀ kà á wò níwájú àti lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ìdérí ìkòkò ni."

Ó padà wọlé. Ó mú okùn wá. Farabalẹ̀ ní okùn ewúrẹ́ ni, ó sì dára fún ewúrẹ́. Oòrùn ti kọjá àtàrí.

"Àwọn tó mọ ẹrù kò ní àmì," ni Talóránọ wí, "ẹni tó ní àmì kò mọ ẹrù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mélòó ni ìdérí ìkòkò tí o fẹ́ kó kí omi tó dé ọrùn ọmọ rẹ?"

"Ọdẹ kì í fi àpò rẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́."

"Àpò rẹ dà?"

Ọdẹ́níran wo àrokò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òfin yẹn, òfin náà sì ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là nínú igbó. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò mọ igbó yìí. Ó rántí ìró pupa láàárín omi. Ó na àrokò síwájú, ó ní kí wọ́n gbà á.

Talóránọ gbà á, ṣùgbọ́n kò fún àwọn ìránṣẹ́. Ó ní ìyá kì í rìn, ọmọ ni í rìn. Ó já ewé tútù mẹ́ta, ó tẹ àrokò mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí àmì fi hàn lára rẹ̀. Ó ní ewé yìí tó láti wọlé lónìí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á rọ, àmì á kú. Bí ó bá jábọ́ lọ́nà, ẹni tó bá he é, ewé gbígbẹ ló he. Ìyá ewé, àrokò gan-an, ni kí ó gbé pa mọ́ síbi tí kì í yọ́.

Ara Ọdẹ́níran bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Ó mú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi wọ́n sábẹ́ fìlà àwọn ìránṣẹ́, bí ọdẹ ti máa ń fi ewé sórí nígbà tó bá ń ba de ẹran. Talóránọ bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Sárébọ̀ ṣí fìlà, ó wọlé. Farabalẹ̀ wo ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Rùgbogbo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá a, ó wá a.

"Orí rẹ ni ó wà," ni Ọdẹ́níran wí.

Rùgbogbo wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní orí.

Talóránọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni ìró tó wà ní igbó náà nígbà yẹn. Ó ní ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí wọn, ibi tí ìyá oníkálùkù ti kọ́ ọ láti wò ni yóò wò títí ayé. Sárébọ̀ ń wo fìlà. Farabalẹ̀ ń wo ọrùn ọwọ́. Rùgbogbo ń wo ọrùn ẹsẹ̀. Ewé kan náà ni, ṣùgbọ́n fi í síbi tí oníkálùkù ti ń wò.

Ọdẹ́níran di ti Farabalẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Rùgbogbo. Ọdẹ tí kì í kúnlẹ̀ fún ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ewé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ìránṣẹ́.

Gbogbo wọn wọlé.

Ní ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, òpó àkọ́kọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ láti inú ìkúukùu, ó ti gúnlẹ̀ sí etí Odò Alágbára. Àwọn ará Òkè-Ìgbín tó rí i sá wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde wá wò ó.

Kọ́lédalẹ́ gbé ìyá àrokò sórí àjà ilé òkúta àwọn baba ńlá rẹ̀, ilé kan ṣoṣo tí kì í yọ́ ní ìlú náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí ilé iṣẹ́ bá ti dìde láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òòlù, Ọdẹ́níran á lọ tẹ ewé mẹ́ta lára àrokò. Ọ̀kan á lọ sábẹ́ fìlà, ọ̀kan sí ọrùn ọwọ́, ọ̀kan sí ọrùn ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dà bí ojú tí à ń bọ́. Lálẹ́, ilé á yọ́, ewé á rọ, kò sì sí ohun tí a ń bẹ̀rù. Kò gbé ohunkóhun kọ́ ìkọ́ mọ́. Rùgbogbo ru àpọ̀jù wá lójoojúmọ́, Kọ́lédalẹ́ ń bá a jà lójoojúmọ́, afárá sì ń gùn.

Okùn Má-já tòótọ́ ni wọ́n nà kẹ́yìn. Ọdẹ́níran fà á, ó fi etí lé e. Kò mí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó gba inú igbó padà. Iwin onídodo kí i, ó kí i. Nígbà tí ó dé etí odò, Àmọ̀kẹ́ ti wà láàárín afárá, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú adìẹ mẹ́rin nínú agọ̀. Omi ń hó lábẹ́ wọn. Afárá kò mì.

Ó gun èbúté. Ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ́."

"Mo pẹ́. Ẹrù rẹ dà?"

"Inú mi ni."

Ọdẹ́níran jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lójú gbogbo ayé, lórí iyanrìn. A kò rí i kí ó jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Ó mí kanlẹ̀. Ó sì rẹ́rìn-ín, díẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ bí ọkùnrin kí oṣù tó lé. Nígbà tí oṣù lé, omi bo òkìtì náà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Pákó méjì ṣẹ́kù lára ohun tí Rùgbogbo rù wá. Wọ́n fi ọ̀kan ṣe ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Èkejì ṣì wà lẹ́yìnkùlé.